Bí ògiri ò bá lanu: bí àwọn olè ayélujára ṣe ń wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àti ohun tó kan ẹgbẹ́ wa níbẹ̀

Láyé àtijọ́, ìwé ńlá kan báyìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń gbé dání wá sípàdé. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo wa wà: ẹni tó ti san owó oṣù, ẹni tó jẹ gbèsè àjọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tó ń wá yàrá. Bí ìpàdé bá ti tú, akọ̀wé á ti ìwé náà mọ́ inú àpótí, ó parí. Ní báyìí, ìwé náà ti gun orí ayélujára. Ẹgbẹ́ kan á ní ìkànnì, òmíràn á ní áàpù, òmíràn á kàn ní kí kálukú lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ohun tó wà nínú ìwé yẹn wò. Ẹni tó bá rí i ti mọ àdúgbò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń gbé, ó ti mọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ti mọ nọ́ńbà fóònù wa àti orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè nílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa. Gbájúẹ̀ lè fi pe ìyá arúgbó kan nílé pé ọmọ rẹ̀ wà lọ́sibítù, kó yára fowó ránṣẹ́. Bí ìlú tá a wà bá sì gbóná, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹni tó ń wá ilé àlejò ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ìwé ẹgbẹ́ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ohun tí ọmọ onílùú lè fojú kékeré wò, àwa tá a wà nídàálẹ̀ ò lè fojú kékeré wò ó.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan lónìí. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ ọ́ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n wá gbàgbé láti tì nígbà tí iṣẹ́ parí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ DEBUG?

Ẹ wo bíríkìlà tó ń kọ́lé. Bó ṣe ń mọ fẹ́ǹsì yí ilé ká, á fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ á ti máa já yanrìn àti búlọ́ọ̀kù. Àyè yẹn kì í ṣe ọ̀nà olè, ọ̀nà iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kó dí i. Ṣùgbọ́n onílé ń kánjú àtikó wọlé, bíríkìlà náà ti gba iṣẹ́ míì níbòmíì, ni wọ́n bá fi páànù kan bo ojú ibẹ̀. Géètì irin ńlá wà níwájú, páànù lásán ló wà lẹ́yìn.

Bí sọ́fítíwíà náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa rí inú rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ ibi tó ti ń kọsẹ̀. Nítorí náà, á ṣe àyè kan síbẹ̀ tó máa ń tú gbogbo àṣírí fún un: ìlà tí àṣìṣe wà, orúkọ fáìlì tó wà níbẹ̀, nígbà míì páásíwọ́ọ̀dù tí áàpù fi ń wọ ibi tí wọ́n kó orúkọ àwọn èèyàn sí. Ó sì lè ṣe àyè míì tó máa gbà á wọlé láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù rárá, kó má baà máa tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Irú àyè báyìí ni wọ́n ń pè ní debug, ìyẹn ni pé kéèyàn máa ṣa kòkòrò kúrò nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí iṣẹ́ parí, kí aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí àyè náà ṣì wà ní ṣíṣí.

Bẹ́ ẹ bá bi àwọn kan nínú wọn, wọ́n á ní, "Kò séwu, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀." Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Nǹkan tá a fi pamọ́ kì í ṣe nǹkan tá a tì pa. Kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi sábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà wà ní ìpamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ẹní ni olè máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 1988

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré. Kọ̀ǹpútà bí 60,000 ni wọ́n fojú díwọ̀n pé ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ti yunifásítì, ti iléeṣẹ́ ológun àti ti àwọn olùwádìí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ń lo sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ sendmail láti máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Eric Allman ló kọ ọ́ ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Sendmail ní àyè debug kan. Bí èèyàn bá kàn sí kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀nà jíjìn, tó sì tẹ ọ̀rọ̀ náà DEBUG, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹni tó ń tún iṣẹ́ ṣe ló dé. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe orúkọ èèyàn nìkan ló lè kọ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè kọ àṣẹ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ṣe ohun tó bá pa láṣẹ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi lẹ́tà sílé ìfìwéránṣẹ́, tó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé pé, "Ẹ ṣí ilé owó," tí wọ́n sì lọ ṣí i lóòótọ́. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fẹ́ràn àyè yìí torí ó máa ń jẹ́ kó rọrùn láti dán ímeèlì wò. Bó ṣe wà ní ṣíṣí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà.

Ọmọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cornell, Robert Tappan Morris, ló mọ̀ nípa àyè náà. Ó kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tí àwọn èèyàn wá ń pè ní aràn, nítorí pé ó ń fà láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ: ó máa ń dá páásíwọ́ọ̀dù tó rọrùn mọ̀, ó sì ń lo àléébù kan tó wà nínú sọ́fítíwíà míì tó ń jẹ́ finger. Ṣùgbọ́n àyè debug inú sendmail wà lára ilẹ̀kùn tó rọrùn jù lọ fún un.

Àṣìrò wà nínú aràn náà. Ó ń padà wọ kọ̀ǹpútà tó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, léraléra, títí kọ̀ǹpútà á fi kún, tí ò ní lè mí mọ́. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé tó 6,000 kọ̀ǹpútà ló kó sí i lọ́wọ́, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Àwọn yunifásítì kan ní láti já ara wọn kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ikọ̀ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon tó ń jẹ́ CERT, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kéde irú ewu báyìí kó tó tàn kálẹ̀.

Morris ní òun ò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́. Ilé ẹjọ́ ò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Lọ́dún 1990, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n fi sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta láìṣẹ̀wọ̀n, wọ́n ní kó fi wákàtí 400 ṣiṣẹ́ sin ìlú, kó sì san owó ìtanràn 10,050 dọ́là.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń WÁ A LÓDE ÒNÍ?

Ẹ má rò pé olè jókòó síbì kan, tó ń ronú nípa ìkànnì ẹgbẹ́ yín. Kò mọ̀ yín rí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ pé kó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó máa mi ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ ẹ bá ń sọ pé, "Ta ló máa wá ẹgbẹ́ kékeré wa dé ibí?" ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbé irinṣẹ́ kan jáde fún iṣẹ́ ìwádìí, ZMap lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá dáadáa lè kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IPv4 lágbàáyé, tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta lọ, láàárín ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó lè dé gbogbo ojúlé ayé kí wọ́n tó se ẹ̀wà jinná, kò ní fo tiyín.

Bí wọ́n bá ti wá dé ẹnu ọ̀nà, ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń dán wò.

Èkíní, wọ́n á dá orúkọ. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kárí ayé jọra wọn. Bí wọ́n bá ṣe ojú ewé ìdánwò, wọ́n á pè é ní test. Bí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, wọ́n á pè é ní old tàbí backup. Ojú ewé alábòójútó, admin. Hákà ní ìwé tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ, ẹ̀rọ á sì máa fi wọ́n sẹ́yìn àdírẹ́sì ìkànnì yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó rí èyí tó máa dáhùn.

Èkejì, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣi nǹkan ṣe. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i. Ìkànnì tí wọ́n ti pa debug rẹ̀ á kàn sọ pé àṣìṣe wà, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò pa tiẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ara rẹ̀: orúkọ fáìlì, irú sọ́fítíwíà tó ń lò, ibi tí wọ́n kó orúkọ sí, nígbà míì páásíwọ́ọ̀dù pàápàá. Olè ò tíì wọlé, onílé ti ń júwe ilé fún un.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á tú áàpù palẹ̀. Áàpù tẹ́ ẹ gbé sórí fóònù yín, òun náà lè gbé e sórí tiẹ̀. Bó bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó lè tú u bí ẹni tú rédíò, kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá fi bọ́tìnì ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀, tàbí àdírẹ́sì ìkànnì ìdánwò, á rí i kedere.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á ka ìwé ìlò. Páásíwọ́ọ̀dù tí iléeṣẹ́ fi sínú ráútà àti kámẹ́rà kó tó dé ọjà, inú ìwé ìlò ló wà, gbogbo ayé ló sì lè kà á. Lọ́dún 2016, sọ́fítíwíà burúkú kan tó ń jẹ́ Mirai fi nǹkan bí 60 irú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún kámẹ́rà àti ráútà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ lu iléeṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Twitter àti Netflix ò sì ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ TÓ YẸ KÁ FI ṢE ÀRÍKỌ́GBỌ́N

Àkọ́kọ́ dá lórí ráútà, àpótí kékeré tó ń pín Wáìfáì yí ilé ká. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2013, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Craig Heffner tú sọ́fítíwíà inú àwọn ráútà D-Link kan palẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ gígùn kan níbẹ̀ tí ò jọ ọ̀rọ̀ èdè kankan. Bí ẹni tó kàn sí ráútà náà bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe orúkọ ara rẹ̀, ráútà ò ní béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, á ní kó máa wọlé. Nígbà tí Heffner ka ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ohun tó rí ni pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Joel ló ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ojú Heffner ni pé àwọn ẹnjiníà ṣe é kí sọ́fítíwíà míì tó wà nínú ráútà náà lè máa yí ètò rẹ̀ padà láìsí wàhálà. Ọ̀nà iṣẹ́ nìyẹn náà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn kó má baà hàn, ó sì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan fi yí i padà, tó kà á. Iléeṣẹ́ náà wá gbé àtúnṣe jáde.

Èkejì ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa jù. Patreon jẹ́ ìkànnì kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn fi ń dá owó fún olórin, ayàwòrán àti àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n ní ẹ̀dà ìdánwò ìkànnì wọn kan tí àyè debug rẹ̀ wà ní ṣíṣí, tí gbogbo ayé sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àyè náà ju kó kàn fi àṣìṣe hàn lọ, ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá dé ibẹ̀. Iléeṣẹ́ ààbò kan tó ń jẹ́ Detectify rí i, ó sì kìlọ̀ fún wọn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, hákà ti wọlé.

Ohun tó yẹ ká fọkàn sí rèé: ẹ̀dà ìdánwò ni, ṣùgbọ́n orúkọ gidi ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìdánwò náà jọ ti gidi, ni wọ́n bá da gbogbo orúkọ oníbàárà kọ síbẹ̀. Nígbà tí hákà da ẹrù náà síta, àdírẹ́sì ímeèlì tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé àwọn kan àti lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọn kì í tọ́jú nọ́ńbà káàdì ìfowópamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ti lọ páásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn kúnná lọ́nà tó ṣòro láti kó jọ padà. Ohun tí ò sí nínú ilé, olè ò lè jí i.

FÓÒNÙ ỌWỌ́ WA Ń KỌ́

Kó má dà bíi pé ọ̀rọ̀ ìkànnì nìkan là ń sọ, ẹ gbé fóònù yín, kẹ́ ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà gígùn kan á jáde. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù yẹn mọ̀ láàárín gbogbo fóònù ayé ni. Ẹ kọ ọ́ síbì kan, ó wúlò lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí fóònù. Ẹ ò san kọ́bọ̀, ẹ ò pe ẹnikẹ́ni, ẹ kàn lo ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà tó ń bá inú fóònù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Àwọn míì wà bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ fi ń yẹ fóònù wò, àwọn kan sì lè pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, olùwádìí kan, Ravi Borgaonkar, fi hàn níbi ìpàdé kan nílùú Buenos Aires, lórílẹ̀-èdè Argentina, pé bí èèyàn bá ṣí ojú ewé ayélujára kan lásán lórí àwọn fóònù Samsung kan, ojú ewé náà lè mú kí fóònù fúnra rẹ̀ tẹ irú nọ́ńbà ìparẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí onífóònù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fọ́tò, nọ́ńbà àti gbogbo ohun tó tọ́jú ti lọ. Samsung ṣe àtúnṣe sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa tá a ń fi ìràwọ̀ àti háàṣì fowó ránṣẹ́ lójoojúmọ́ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà oníràwọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, tó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ lè rí dátà ọ̀fẹ́ gbà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Fóònù Android tún ní àyè ìkọ̀kọ̀ míì. Lórí èyí tó pọ̀ nínú wọn, bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà rẹ̀ nígbà méje nínú ètò fóònù, ibi tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ áàpù á ṣí sílẹ̀. USB debugging wà níbẹ̀. Bó bá wà ní títàn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá so fóònù náà mọ́, tí onífóònù sì gbà láyè, lè pàṣẹ fún un. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń tàn án nígbà míì kí iṣẹ́ wọn lè yá, wọ́n sì lè gbàgbé láti pa á. Nínú oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n rí aràn kan tó ń jẹ́ ADB.Miner, tó ń wọ fóònù àti àpótí tẹlifíṣọ̀n Android tí wọ́n fi irú àyè yìí sílẹ̀ ní ṣíṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi iná àti agbára ẹ̀rọ àwọn olóhun-ìní wá owó ayélujára fún ẹlòmíì. Nítorí náà, ẹni tó bá ra fóònù tòkunbọ̀, tàbí tó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe, kó wo inú ètò rẹ̀, kó pa àyè yẹn.

KÍ LÓ YẸ KÍ ẸGBẸ́ ṢE?

Ẹ̀yin alága, akọ̀wé, akápò àti ìyálóde ẹgbẹ́, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ bíríkìlà náà lè rìn yí ilé rẹ̀ ká, kó béèrè pé, "Ihò wo rèé?" Ìbéèrè márùn-ún ló yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ṣe ìkànnì yín.

Ìbéèrè kìíní: ṣé o ti pa debug? Kó fi hàn yín níṣojú yín. Ẹ ní kó tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ẹgbẹ́ yín, kó fi ọ̀rọ̀ játijàti kan sí ìparí rẹ̀. Bí ojú ewé náà bá kàn sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó dára. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà lọ rẹrẹẹrẹ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà ní ṣíṣí. Pé ó dáhùn dáadáa síyẹn nìkan ò ní ká sùn o, ṣùgbọ́n bí kò bá dáhùn dáadáa, ẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè kejì: ẹ̀dà ìdánwò dà? Bó bá ṣì wà, kó pa á rẹ́ tàbí kó tì í pa. Kò gbọ́dọ̀ sí orúkọ gidi nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́ dán an wò, kó lo orúkọ tó ti ara rẹ̀ hùmọ̀.

Ìbéèrè kẹta: ṣé o ti yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá padà? Èyí kan ráútà gbọ̀ngàn ìpàdé àti kámẹ́rà ẹnu géètì náà.

Ìbéèrè kẹrin: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èyí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọmọ àgùnbánirọ̀ kan lè bá ẹgbẹ́ ṣe ìkànnì ní ọ̀fẹ́, tí gbogbo èèyàn á gbàdúrà fún un. Ọdún á yípo, á parí ìsìnrú ìlú, á padà sílé. Ìkànnì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ páásíwọ́ọ̀dù ti yí nọ́ńbà fóònù padà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lọ, ó kéré tán kí èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì yí i padà.

Ìbéèrè karùn-ún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dáhùn rẹ̀: kí là ń kó gbogbo èyí sórí ayélujára fún? Bó bá jẹ́ owó oṣù lẹ fẹ́ mọ ẹni tó san, kí ni nọ́ńbà ojúlé ilé ń wá níbẹ̀? Kí ni NIN ń wá níbẹ̀? Kí ni orúkọ iléèwé ọmọ ń wá níbẹ̀? Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyókù sínú ìwé àtijọ́, kí akọ̀wé máa tì í mọ́ àpótí.

ÒFIN Ń WO ÌHÀ MÉJÈÈJÌ

Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá kó ìsọfúnni àwọn èèyàn jọ ló ni ẹrù àtidáàbò bò ó. Bí ìsọfúnni náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa èèyàn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀. Kí ẹgbẹ́ má sọ pé, "Àwa kì í ṣe báńkì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, tiyín náà wà níbẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí ò ní kí ẹni tó wọlé má jẹ̀bi. Ìkànnì ẹgbẹ́ yín tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ yẹ ẹ́ wò. Ti ẹlòmíì, bẹ́ ẹ bá ṣàdédé rí ihò níbẹ̀, ẹ sọ fún olóhun, kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ rántí Morris: ó ní òun ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá ti ń rìn lára ògiri báyìí, tọ̀sántòru, kì í sinmi, kò sì mọ ilé ọlọ́rọ̀ yàtọ̀ sí ilé aláìní. Kò sí bá a ṣe lè lé gbogbo aláǹgbá ayé tán. Ògiri lọ́wọ́ wa ló wà. Bí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá kò, kí ẹnì kan dìde lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀, kó bi ìgbìmọ̀ léèrè pé: ta ló ṣe ìkànnì wa, ṣé ó sì ti dí ihò ẹ̀yìn kó tó kúrò níbẹ̀?